Dáódù Kẹrin

"Pà!"

Fíúsì kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ognyan yọ ọ́, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó rí i pé okùn inú rẹ̀ ti jó gé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Zornitsa, ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Ẹnì kan ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi," ó wí.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná wa ní ìlú Kazanlak kò tóbi. Bí èèyàn bá sín ní yàrá ìṣiṣẹ́, wọ́n á ti kí i ní ilé ìdáná. Kí agogo ọ̀sán tó lù, gbogbo wa ti gbọ́ pé wọ́n ba ẹ̀rọ Ognyan jẹ́, nígbà tí ìdíje iṣẹ́ iná tó fẹ́ lọ ṣe ní ìlú Sofia ku ọjọ́ méjì péré.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ognyan. Ó mọ iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Kó tó mú ayọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, á kọ́kọ́ ya irun rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. "Èmi ò jó nǹkan kan rí," ló máa ń wí. Zornitsa ló ṣe ipò kejì nínú ìdánwò tí wọ́n fi yan aṣojú. Bí Ognyan ò bá lọ, òun ni yóò lọ. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ojú yí sí i nìyẹn.

"Ta ló kẹ́yìn níbí lánàá?" Ìyáàfin Tsankova, olùkọ́ wa, bèèrè.

"Èmi ni, mà. Èmi ni gbígbálẹ̀ kàn," Zornitsa dáhùn.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ni Kiro, ọ̀rẹ́ Ognyan, wí. "Ìgbálẹ̀ tó fẹ́ gbá ipò oníipò lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú Zornitsa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Bí mo tilẹ̀ ń sunkún, mo ń ríran. Ẹ ṣí ẹ̀rọ náà, ẹ wò ó."

"Mo ti wò ó!" Ognyan yára fèsì. "Gbogbo dáódù ló kọjú síbi tó yẹ. Ìlà ara wọn hàn kedere."

Ìyáàfin Tsankova wò ó títí. Ó ní òun fún un di ọ̀la kó tún ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò.

Iná ìlú kì í dúró sójú kan: á lọ, á bọ̀, ní ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Rédíò àti mítà kò fẹ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́. Dáódù ló ń ṣe ìyẹn nínú ẹ̀rọ bíi ti Ognyan. Ó dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú nìkan: ẹni tó wà níta tì í, ó wọlé, ẹni tó wà nínú tì í, ó tún há sí i. Mẹ́rin la máa ń tò pọ̀, méjì á gba iná kọjá nígbà tó ń lọ, méjì yòókù nígbà tó ń bọ̀. Bí ọ̀kan bá kọ ẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí, iná á rí ọ̀nà àbùjá, á ya lù ú, fíúsì á sì kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ognyan dá wà nídìí tábìlì, ó fi mítà wọn àwọn dáódù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan, ó dára. Èkejì, ó dára. Ẹ̀kẹta náà dára. Ẹ̀kẹrin ní ìlà aláwọ̀ ìyeyè lára, mítà sì sọ òdìkejì ohun tí ìlà náà ń sọ.

Òun ló fi dáódù yẹn síbẹ̀. Níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ló gbé ayọ́ọ̀nù lé èyí tilé ìwé títí tó fi jó. Ojú tì í, kò lè tọrọ òmíràn, ó bá lọ mú ọ̀kan nínú agolo bàbá rẹ̀ àgbà, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe láyé àtijọ́. Lára dáódù tiwa, ẹnu ibi tí iná ń gbà jáde ni ìlà máa ń wà. Lára ti Rọ́ṣíà ayé ọjọ́un yìí, ẹnu ibi tó ń gbà wọlé ni; àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló sì kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà.

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó yí i padà. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Kiro pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá ni ẹ́! Ọ̀tá bà á jẹ́, o tún un ṣe!" Ognyan rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sẹ́ni tó jókòó ti Zornitsa.

Ìyáàfin Tsankova ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà. "Dáódù tó ní ìlà ìyeyè yìí, kò sí irú rẹ̀ nílé ìwé wa. Ó ju ìyá yín lọ lọ́jọ́ orí. Zornitsa, ṣé ìwọ lo mú un wá?"

"Rárá, mà."

"Irọ́!" Kiro pariwo. "Òun ló fi í pààrọ̀ èyí tòótọ́!"

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí Ognyan ṣáà dákẹ́ ni. Ó wo Zornitsa, ẹni tó ń di báàgì rẹ̀ bí ẹni tí kò ní padà wá mọ́.

"Kiro, panu mọ́," ó wí. "Tèmi ni. Mo jó ti ilé ìwé, mo sì fi èyí sódì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Zornitsa ló lọ sí Sofia, pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìyáàfin Tsankova kò na Ognyan, kò bú u. Ó kàn ní kó wọ kíláàsì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Zornitsa kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ní kíláàsì kẹwàá, ó sọ̀rọ̀ tán, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Zornitsa wo? Ṣé èyí tó máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́ yẹn?"

Ognyan mí kanlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tó bà jẹ́ ṣeé tún ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Orúkọ ọmọ ẹlòmíràn tí a bà jẹ́ torí kí tiwa má bàa rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ la fi ń wá a kiri láti ilé dé ilé. Kẹ́ ẹ tó wá ọ̀tá tó ṣe yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín.