Àdúrà Kò Ní Kí Ẹ Má Fọwọ́

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Nọ́ọ̀sì Loveth. Láti àárọ̀ ló ti ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkókó, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ore: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé." Àwọn kan á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á kàn kọjá lára rẹ̀ wọlé.

Ni ẹgbẹ́ aládùúrà bá dé láti Ago Alaye nínú sùtánà funfun. Wọ́n wá kí Hannah, tí oṣù ọmọ rẹ̀ kò pé tó fi bí i. Wọ́n ti kọ́kọ́ yà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, níbi tí ọmọdé kan nínú ìjọ wọn ti ń ṣe ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Bàbá Gabriel, olórí wọn, ti gbé ọmọ yẹn mọ́ra, ó ti nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì ti fi òróró kàn án lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ fọwọ́, sà."

Bàbá yọ ike sànítáísà lápò. "Mo ti fi eléyìí pa ọwọ́, ọmọ mi."

"Kò tó, sà. Kòkòrò àìsàn kan wà tí sànítáísà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Ọṣẹ àti omi ló ń fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́."

Ìyá Yínká, ìyá ọkọ Hannah, fajú ro. "Ṣé òróró àdúrà ló wá ń kó àìsàn ran ọmọ báyìí?"

"Mi ò bá àdúrà jà, mà. Ọwọ́ ni mò ń bá wí!"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe Loveth sí ọ̀dọ̀ aboyún kan. Kó tó padà, àwọn aládùúrà ti wọlé láìfọwọ́. Bàbá ki ìka bọ ìgò òróró, ó fi kan ìkókó lẹ́nu. Àwọn tó kù ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn. Hannah fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ojú ìyá ọkọ rẹ̀ ń tì í.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara ìkókó gbóná janjan. Kò mu ọyàn mọ́. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, àyẹ̀wò sì fi hàn pé kòkòrò àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ńtẹ̀rófáírọ́ọ̀sì ni. Òun náà ni wọ́n bá lára ọmọ tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé.

"Báwo ló ṣe dé ara rẹ̀?" Ìyá Yínká padà wá bá Loveth, ó ń sunkún.

Inú ń bí Loveth, àánú sì ń ṣe é. "Mà, inú ìgbẹ́ àti itọ́ ló wà, ọwọ́ ló ń gbé e kiri. Ó lè má ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan, àmọ́ ó lè wọ ọpọlọ tàbí ọkàn ìkókó. Mo sọ ọ́ títí!"

Bàbá Gabriel, tó bá Ìyá Yínká wá, ò lè gbójú sókè.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ọmọ náà yè. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ ní Pamílẹ́rìn, ẹ̀yìn fèrèsé ni Bàbá dúró sí tó ti gbàdúrà. Ìyá Yínká ní kó wọlé. Ó kọ̀. "Ọlọ́run á gbọ́ mi láti ibí."

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọwọ́ kẹ́ ẹ tó kan aláìsàn tàbí ìkókó, àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá nu ìdí ọmọ. Bí ẹ bá ní ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru, ẹ jókòó sílé. Ẹ má fi ìka sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, kẹ́ ẹ sì fi jíìkì tó ń pa kòkòrò nu bẹ́ẹ̀dì. Ìkókó tí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tó kọ ọyàn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìkókó kò lè bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fọwọ́. Àwa là ń bá a bẹ̀ yín.