Akọ̀wé Tó Dá Fáìlì Padà

Orí àkàsọ̀ ni akọ̀wé ti kọ́kọ́ rí i. Òjò ń rọ̀, òrùlé gbọ̀ngàn àtijọ́ kan ń jò, ọmọge kan sì há abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó ń ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé.

"Ẹ má kàn dúró bí òpó," ni ọmọge náà wí láìwẹ̀yìn. "Ẹ bá mi di àkàsọ̀ mú."

Akọ̀wé ki fáìlì bọ abíyá, ó di àkàsọ̀ mú.

Aránṣọ ni ọmọge náà. Lọ́dún yẹn, gbogbo nǹkan gbówó lórí, owó oṣù nìkan ni kò kúrò lójú kan. Ni òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà. Ẹni tí ebi ń pa á rí ọbẹ̀ gbígbóná àti búrẹ́dì jẹ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ já iná rẹ̀, wọ́n á bá a san díẹ̀ nínú owó iná.

Àjọ kan ló rán akọ̀wé wá láti yẹ ìwé owó wọn wò. Iye tí ẹgbẹ́ bá fi oṣù mẹ́ta dá jọ, àjọ á fi irú rẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n iye kan wà tí owó náà gbọ́dọ̀ pé. Bí kò bá pé, àjọ ò ní san nǹkan kan.

"Ṣé gbogbo ohun tí mo bá gbé kalẹ̀ lẹ máa fi irú rẹ̀ lé?" ni aránṣọ bi í. "Bí mo bá rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

"Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù," ni akọ̀wé fèsì, àmọ́ òun náà ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ nìkan ló yẹ kó máa wá yẹ̀wé wò. Kò pẹ́ tó fi ń wá lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń gé búrẹ́dì, ó ń fọ abọ́. Ìgbà dáadáa ni, bí ìyà tilẹ̀ pọ̀: ooru ọbẹ̀ bo gíláàsì fèrèsé, àwọn àgbàlagbà ń ṣàwàdà, aránṣọ ń kọrin sídìí máṣìnì.

Opó ni ìyá aránṣọ, alágbàfọ̀ sì ni. Kò fẹ́ràn akọ̀wé rárá. "Ọmọ mi, ẹni tó ń kọ ìṣẹ́ wa sínú ìwé? Àánú rẹ ló ń ṣe é, kì í ṣe ìfẹ́."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, owó kò tíì pé. Akọ̀wé bá yọ́ owó oṣù rẹ̀ sínú àpótí owó ẹgbẹ́. Aránṣọ dá àpò ìwé àjọ tó kó o sí mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Olólùfẹ́ mi, mo kàn fẹ́…"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo máa buwọ́ lùwé pé àwa ará àdúgbò la dá owó yìí? Bí mo bá gbà á, irọ́ la fi bọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Bí mo bá sì fẹ́ ọ lọ́la, mi ò ní mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni àbí gbèsè ni mò ń san." Ó ti owó náà bọ̀ ọ́ lápò padà, ó yíjú sí máṣìnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, akọ̀wé gbé fáìlì síwájú ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ gbé e fún ẹlòmíì, sà. Mo nífẹ̀ẹ́ aránṣọ ibẹ̀. Ọwọ́ mi ò lè tọ́ lórí fáìlì yìí mọ́." Ọ̀gá gbé fáìlì fún ẹlòmíràn, ó sì gbé akọ̀wé lọ sí ẹ̀ka tó jìnnà.

Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà sí aránṣọ. Ìyá ní kí ọmọ òun kà á sókè. Nígbà tó kà á tán, ìyá wọ yàrá, ó gbé owó tó ti ń tọ́jú fún ìsìnkú ara rẹ̀ jáde, ó dà á sínú àpótí.

"Ìyá mi! Owó ìsìnkú yín!"

"Òkú kì í mu ọbẹ̀. Ẹni tó lè jẹ́wọ́ lójú ọ̀gá ẹ̀ torí ẹ, ọmọ mi, àánú kọ́ nìyẹn."

Owó pé. Àjọ san tiẹ̀. Wọn ò já iná ẹnikẹ́ni ládùúgbò lọ́dún náà.

Ọdún kan ni wọ́n fi kọ̀wé síra wọn, títí àjọ fi pa fáìlì náà dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akọ̀wé yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Iṣẹ́ kọ́ ló gbé mi wá o," ló wí. "Ìwọ ni mo wá fẹ́."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnì. "O pẹ́ kó o tó dé."

"Kó kọ́kọ́ jẹun ná!" ni ìyá ké láti ẹ̀yìn ilé. "Ó ti rù!"

Inú gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ó ti di ilé ìtajà báyìí. Bí wọ́n bá gba ibẹ̀ kọjá, àwọn méjèèjì tí ewú ti bo orí wọn, wọ́n á dúró díẹ̀, ọwọ́ nínú ọwọ́, kí wọ́n tó máa lọ sílé.