Ọ̀rọ̀ Ńlá Lẹ́nu Aláwàdà

Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà nígbà tó já wọ yàrá àwọn tó ń ṣe áàpù. Èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ ti já lórí àtẹ̀gùn, bó sì ṣe nà án sókè, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó fẹ́ tún un ṣe ni àbí ó fẹ́ sọ ọ́ lu ẹnì kan. Ẹ̀rọ tó fi ń gba ìpè àwọn oníbàárà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó lẹ́wà, inú sì ń bí i, ọ̀ràn ńlá gbáà sì ni fún ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí òun ló jẹ̀bi.

"Ta ló ṣe áàpù Ọ̀la-Ti-Dé?"

Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ́kùnrin náà. Aláwàdà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, àmọ́ àwàdà ti fò lọ lẹ́nu rẹ̀ báyìí.

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti àárọ̀ làwọn èèyàn ti ń pè mí. Ẹnì kan lóun ti tẹ bọ́tìnì, ọ̀la òun dà? Kí ni áàpù yín ń ṣe gan-an?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á yí bìrìbìrì, á sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan, ó parí."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti sú u bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń rọ òjò ọ̀rọ̀ lé wọn lórí, ọgbọ́n àtọwọ́dá lónìí, àyípadà tí yóò yí àyípadà padà lọ́la, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní mọ iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ló bá ṣe áàpù tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, ó sì gbé e síta fún gbogbo èèyàn. Yẹ̀yẹ́ lásán ni. Àmọ́ ìmẹ́lẹ́ ò jẹ́ kó fúnra rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ áàpù náà, níbi tí nọ́ńbà ìpè máa ń wà. Ó da ìsàlẹ̀ áàpù ilé iṣẹ́ kọ, nọ́ńbà tí obìnrin yìí ń dáhùn sì bá a lọ.

Obìnrin náà gba fóònù rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì. "A ti so ọ̀la yín mọ́ àná, kí òní lè máa dá ṣiṣẹ́." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Mi ò mọ̀."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti bàtà lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọkàn Aláwàdà ti sá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbà á padà mọ́.

Láti ìgbà náà, wọ́n di ìgbín àti ìkarahun. Obìnrin náà ń pè é ní Aláwàdà mi, òun náà ń pè é ní Olóhùn-iyọ̀. Ohun kan ló kù. Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá ti dé, ahọ́n ọkùnrin yìí a wúwo.

"Ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Dúró ná, jẹ́ kí n wò ó nínú kọ̀ǹpútà."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín obìnrin náà ò fi bẹ́ẹ̀ dé inú mọ́. Ó fẹ́ mọ ibi tóun dúró sí, ìyẹn ò sì pọ̀ jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní ẹnu géètì ilé bàbá obìnrin náà, ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìwọ ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo ọ̀la mi dúró lé." Ayọ̀ kún inú ọmọge yìí. Ó wọlé bí ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan. Bàbá rẹ̀, télọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, fẹ́ràn Ọ̀la-Ti-Dé bí ojú. Ó gbà pé ọgbọ́n àwọn àgbà ni. Ọmọ rẹ̀ ò sì ní ojú tó fẹ́ fi sọ fún un pé ẹ̀fẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá fi jígí sójú, ó tẹ bọ́tìnì áàpù náà.

"Ọmọ mi, gbọ́ toní. Ìwọ ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo ọ̀la mi dúró lé."

Ife tíì dúró lójú ọ̀nà ẹnu ọmọbìnrin náà.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Bàbá tún un kà, ó tilẹ̀ fi ohùn dídùn sí i.

Orí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ ni ọmọbìnrin náà ti ká Aláwàdà mọ́.

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi lánàá, bàbá mi náà rí i gbà láàárọ̀ yìí. Ṣé bàbá mi náà lo ń fẹ́ ni?"

"Èmi ni mo kọ ọ́…"

"Fún ta?"

"Fún áàpù."

"Ṣé o wá rò ó nígbà tó o sọ ọ́ fún mi, àbí ẹ̀rọ ló bá ẹ rò ó? Èwo ló jẹ́ tèmi nínú gbogbo ohun tó o ti ń sọ? Kò yé mi."

"Kò yé èmi náà."

Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tó ń tu obìnrin nínú.

"Ó dáa. Má wá bá mi mọ́, àfi tó bá yé ẹ."

Ó délé, ó sì tú àṣírí gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Bàbá bínú, ojú sì tì í gidigidi, torí ó ti ń ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn fún àwọn oníbàárà tó ń wá gba aṣọ. "Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré á fi ọmọ mi ṣeré! Kò gbọdọ̀ tẹ ìloro yìí!"

Aláwàdà kọ àtẹ̀jíṣẹ́ títí. Gbogbo rẹ̀ ń dún bí áàpù, ó sì ń pa wọ́n rẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó mórí lé ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Bàbá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọbìnrin náà ń rán bọ́tìnì sára ẹ̀wù kan.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Kí lo fẹ́?"

"Bàbá, mo wá láti… fi ìpìlẹ̀ tuntun lélẹ̀ fún ìbáṣepọ̀ tó…"

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀!"

Ọmọbìnrin náà kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, bóyá ẹ̀rín ni o, bóyá ẹkún ni, òun pàápàá ò lè sọ.

Ọkùnrin náà sún mọ́ ìdí ẹ̀rọ náà.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mo ń fi gbogbo èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n má baà fi mí ṣe é. Nígbà tí mo fẹ́ sọ òótọ́ fún un, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ, ni mo bá yá ti ẹ̀rọ. Mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Tó bá kọ̀ mí, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Bàbá wo ọmọ rẹ̀.

"Èyí yé mi. Ṣé ó yé ìwọ náà?"

Ọmọbìnrin náà yíjú padà, omi wà lójú rẹ̀. "Kó tún un sọ. Èmi ni kó kọjú sí."

Ó tún un sọ, ó ń kólòlò, ìparí ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dàpọ̀ mọ́ra wọn.

"Kò dùn létí rárá," obìnrin náà wí.

"Mo mọ̀."

"Àmọ́ tèmi ni. Mo gbà ẹ́."

Bàbá dìde, ó fa okùn ìwọnṣọ sílẹ̀ lọ́rùn, ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Dúró dáadáa. Na ọwọ́ rẹ."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ṣé ẹ̀wù ẹlẹ́wù lo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ ni?"