Èémí Tó Wà Nínú Orin Kejìlá

Èèyàn méjì ló wà nínú yàrá ìgborin, ṣùgbọ́n èémí ẹni mẹ́ta ló wà lórí téèpù.

Ọkùnrin tó ń bá wọn gba orin sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Elétí-Ajá, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó dá téèpù padà, ó tún un gbọ́.

"Ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí, ta lẹ fi pamọ́ sínú dùùrù?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń kọrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń tẹ dùùrù. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣa orin búlúùsì, orin ìbànújẹ́ àtijọ́, méjìlá jọ, tí wọ́n ń fi àrà orin jáàsì tún wọn gbé kalẹ̀. Mọ́kànlá ti parí. Ìkejìlá, tó dùn jù, ló kù. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbé àwo náà jáde sì ti ní bí kò bá tẹ àwọn lọ́wọ́ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àwọn ò ṣe mọ́.

Wọ́n tún un gbà lẹ́ẹ̀mẹrin. Èémí náà ò lọ. Kí ìlà orin kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan á fa èémí sínú bí ẹni fẹ́ kọrin, á sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Kò ṣeé gé kúrò, torí àwọn méjèèjì kì í gé téèpù lẹ̀ mọ́ra. Yàrá kan náà, ìgbà kan náà, ni wọ́n ń gba ohùn àti dùùrù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ dáwọ́ dúró?"

Atẹdùùrù ti dá èémí náà mọ̀. Níparí, ó máa ń dún fíìn, bí àyà ìyá alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé wọn nígbà èwe ṣe máa ń dún tó bá ń lọ aṣọ. Òórùn sítáàṣì gbígbóná kọlù ú nímú. Obìnrin yẹn ló ṣe orin yìí, tó sì fi kọ́ ọ. Atẹdùùrù ló sì máa ń bá a ka lẹ́tà rẹ̀, nítorí náà ó mọ orúkọ rẹ̀ dájú. Síbẹ̀, lórí fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́, ó kọ "a ò mọ ẹni tó ṣe é" síwájú orin mọ́kànlá yòókù, òótọ́ sì ni. Síwájú ìkejìlá, ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Olè ni, ẹ má jẹ́ ká pè é ní nǹkan mìíràn. Pé alágbàfọ̀ tó ni orin ti kú kò sọ olè di ajogún.

"Mo purọ́," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi kọ́ ni mo ṣe orin yìí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nà mí ní kékeré torí pẹ́ńsùlù onípẹ́ńsùlù!"

"Èmi náà ni. Gbé fọ́ọ̀mù yẹn wá."

Ó fa ìlà pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, ó sì kọ ti alágbàfọ̀ gàdàgbà. Ó padà jókòó.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó fa èémí. Orin náà tú jáde bí omi tó já ìdènà. Ohùn àbúrò gòkè ju bó ti ń gòkè rí lọ. Elétí-Ajá dìde lẹ́yìn gíláàsì, ó ń jó láìmọ̀. Wọ́n dé ẹsẹ ìkẹyìn. Àbúrò pa ẹnu dé, ó nu òógùn.

Orin náà ò dúró. Ohùn obìnrin kan, tó kún, tó mọ́ lóló, gbé ẹsẹ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn rí.

Elétí-Ajá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tó ń dá téèpù dúró.

"Má pa á!" ni atẹdùùrù kígbe.

Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó rọ ọwọ́ sílẹ̀ lórí dùùrù, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbè é, bí ọmọdé ṣe ń gbè lẹ́yìn àgbà.