Ọmọ Tí Modúpẹ́olúwa Gé Kúrò Nínú Fọ́tò

Mi ò ní búra fún ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kó béèrè ilé Màmá Susanna. Bó bá wọlé, kó wo orí tábìlì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi.

Modúpẹ́olúwa ni àbígbẹ̀yìn Màmá, òun nìkan ló ṣẹ́kù sọ́dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Adífẹ́ǹtì kan nítòsí ìlú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Dúpẹ́. Màmá kò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó ní a kì í gé Olúwa kúrò nínú orúkọ ọmọ.

Àṣà méjì wà nínú ilé náà. Ní alaalẹ́, Modúpẹ́olúwa á fi òrí ra orúnkún òsì Màmá, níbi tí àpá ńlá kan wà láti kékeré. Bí Màmá bá sì fẹ́ jẹun, ife omi méjì ló máa ń bù. Á mu ọ̀kan. Èkejì á wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí wọ́n á fi kó àwo. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe bá a, wọn ò sì béèrè mọ́.

Ọdún 1998 ni. Màmá fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Modúpẹ́olúwa ní òun yóò dárà sí i. Òun yóò to àwọn fọ́tò Màmá sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ wọn, láti kékeré dé àgbà, kí wọ́n máa yọ lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan bí orin bá ṣe ń lọ. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀, orí sì ń wú òun náà díẹ̀.

Inú agolo bisikíìtì kan ló ti bá àwọn fọ́tò náà. Èyí tó pẹ́ jù yà á lẹ́nu. Ọmọbìnrin kékeré méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo iwájú. Ẹ̀wù kan náà. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan náà. Aṣọ funfun kan náà ni wọ́n fi di egbò orúnkún òsì àwọn méjèèjì. Ó wò ó títí, ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Màmá ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kan náà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní onífọ́tò náà ti mu ẹmu kó tó débi iṣẹ́. Nígbà tó ti kó àwọn fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó mú etí èyí, ó ń fà á wá sínú. Ọmọ kan ń tín-ín-rín lọ: èjìká, etí, ojú kan, títí tí kò fi sí mọ́. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà náà kì í gé nǹkan dànù. Ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fa etí rẹ̀ padà yóò tún bá a níbẹ̀.

Àwọn fọ́tò yòókù náà kò gún lójú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, Màmá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àyè sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, àyè. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àyè. Modúpẹ́olúwa gé gbogbo àyè náà kúrò, kí ìyá òun lè wà láàárín gbùngbùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá bu ife omi kan ṣoṣo.

Modúpẹ́olúwa rí i. Ara fu ú.

"Màmá, ife kejì ńkọ́?"

Màmá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ó ti lọ."

"Ta ló lọ?"

"Jẹ́ n sùn, Modúpẹ́olúwa. Òtútù ń mú mi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè dìde. Apá ọ̀tún rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ abẹ́ àmù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́. Modúpẹ́olúwa ń sunkún ní ìdáná. Kò ní ẹlòmíì nínú ilé náà, kò sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kú.

Ojúọlá dé láti Makun ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n Màmá ni nínú agboolé wọn, arúgbó kùjọ́kùjọ́. Modúpẹ́olúwa kí i, ó sì fi àwọn fọ́tò tó ti tẹ̀ jáde hàn án, bóyá ọ̀rọ̀ á wà láàárín wọn. Ojúọlá mú ti ọmọdé náà lọ sí ojú fèrèsé.

"Èkejì rẹ̀ dà?"

"Èkejì wo, mà? Fọ́tò kan ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gé e."

Arúgbó náà jókòó pẹ̀lẹ́.

"Ìbejì ni yèyé rẹ. Kẹ́hìndé lorúkọ ẹ̀. Táyé ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò. Wọ́n ní kí Kẹ́hìndé jókòó fún ara ẹ̀, wọ́n ní kó tún jókòó fún Táyé. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é nígbà náà, kí ọmọ má baà dá wà. Ìgbà tó ṣèrìbọmi ló ní ká má pe Kẹ́hìndé mọ́, ká máa pe òun ní Susanna."

"Èwo wá ni Màmá nínú àwọn méjèèjì?"

"Ta ló lè mọ̀? Èwo lo gé?"

Modúpẹ́olúwa gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oòrùn ń wọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Adífẹ́ǹtì, tí í ṣe Àbámẹ́ta, ń wọlé, nílé Màmá a kì í ṣiṣẹ́ kankan láti ìgbà náà títí oòrùn ọjọ́ kejì á fi wọ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì.

Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà dákẹ́. Orin ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jìnnà. Kó tó tan kọ̀ǹpútà tán, oòrùn ti wọ̀. Ó ní kí Ọlọ́run foríjì òun. Ó ń fa etí àwọn fọ́tò padà. Àyè ọjọ́ ìgbéyàwó padà. Ti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì padà. Ó kan ti ọmọdé.

Ó fà á díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ǹṣì yọ. Ẹ̀wù yọ. Ojú yọ. Ọmọ náà ti wà níbẹ̀, Modúpẹ́olúwa mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wo orúnkún rẹ̀. Kò sí aṣọ funfun níbẹ̀. Kò sí egbò. Ọmọ náà kò sì wo iwájú mọ́. Ọmọ kejì ló ń wò.

Kò mọ bó ṣe délé. Àtùpà wà lórí tábìlì. Ojúọlá ti sùn sórí àga. Màmá jókòó, ó ń jẹ ẹ̀bà, ara rẹ̀ le koko. Ayọ̀ gba ọkàn Modúpẹ́olúwa kan, ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún.

"Màmá, ẹ ti dìde."

"Mo ti dìde, Dúpẹ́."

Ọwọ́ Modúpẹ́olúwa wà lórí orúnkún òsì náà. Ó fi àtàǹpàkò wá àpá náà, bó ti ń ṣe ní alaalẹ́. Ó wá a sókè, ó wá a sísàlẹ̀. Orúnkún náà dán.

Ife méjì ló wà lórí tábìlì. Èkejì wà lọ́wọ́ òsì.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ti Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi, ni."

Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ náà. Gbogbo ènìyàn ní Màmá tún dà bí ọmọge. Títí di òní, ní alaalẹ́, Modúpẹ́olúwa ṣì ń fi òrí ra orúnkún náà. Bó bá parí, á yí sí ọwọ́ òsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, á sì kí ìyá rẹ̀ pé ó dàárọ̀.