Ère Tí Kò Lójú

Ọjọ́ tí Naomi kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ Súmbọ̀ ní Igando, igbe ló fi bọnu. Iṣẹ́ P.O.P. òkè àjà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló bá wá, àfi bó ṣe rí apá àti itan funfun tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Àwọn tó ń fèèyàn ṣoògùn owó nìyí!"

Súmbọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "P.O.P. náà ni jàre. Ère ni mo fi ń ṣe. Èjìká tìẹ gan-an dára o."

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Naomi rí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní ọkùnrin nítorí èjìká rẹ̀ tó fẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Naomi á bọ́ ẹ̀wù, Súmbọ̀ á fi P.O.P. tútù bo èjìká àti àyà rẹ̀. Tó bá gbẹ, á rọra bó o kúrò. Bí àwọn aládùúgbò bá bi í pé ère yìí, ọkùnrin ni àbí obìnrin, Súmbọ̀ á ní, "Èèyàn ni."

Ṣùgbọ́n inú ń bí Súmbọ̀. Ọrùn ni gbogbo ère náà ń parí sí.

"Ìfẹ́ mi, jẹ́ kí n ṣe ojú rẹ. Wọn ò ní pẹ́ wá kó àwọn ère yìí lọ síbi ìpàtẹ ère ní Island."

"Màámi ńkọ́? Ìyá ìjọ tó ń wọ sùtánà ni wọ́n, Súmbọ̀. Tí wọ́n bá rí ojú mi lára ère oníhòòhò, ó parí."

"Ó ti sú mi! Ṣé olè la jà ni?"

Naomi kàn mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀ ìsọ̀ náà. Ohun tó ń dun Súmbọ̀ jù nìyẹn: Naomi kì í ṣẹni tó ṣeé bá jà.

Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ìyá Naomi yọjú láti wá wo iṣẹ́ òkè àjà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó kí wọn, ó ń kọjá lọ láàárín àwọn ère, ó sì dúró lójijì. Ó gbọ́wọ́ lé èjìká ọ̀kan.

"Naomi."

"Mà."

"Èmi ni mo fi omi gbígbóná wẹ èjìká yìí, tí mo fi òrí nà án, nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́. O rò pé mi ò ní mọ̀ ọ́n?" Ó yíjú sí Súmbọ̀. "Ojú ọmọ mi dà?"

Naomi ló dáhùn. "Èmi ni mo ní kó má ṣe é, mà. Nítorí yín ni."

"Nítorí mi?" Ìyá kò gbé ọwọ́ kúrò lórí ère náà. "Inú mi ò dùn sí ohun tí mo rí yìí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mi ò bí ọmọ tí kò lójú."

Naomi fa àpótí, ó jókòó, ó pa ojú dé.

"Po P.O.P. rẹ, àyànfẹ́ mi."

Súmbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Ìyá kò jókòó, kò sì lọ.