Ìwé Kì í Ṣe Àdá

Fáìlì mẹ́tàlá péré ló kù lórí tábìlì Mùjídàt ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ náà. Lọ́yà Olúwafèyíkẹ́mi, tó ni ọ́fíìsì ọ̀hún ní àdúgbò Takie, kò fẹ́ rí bébà níbẹ̀ mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹjọ́ àtijọ́ ń lọ. Ó ti ṣèlérí fún Mùjídàt, tó ń retí èsì ìdánwò àṣejáde rẹ̀, pé bó bá fi síkánà ya gbogbo fáìlì tán kí ilẹ̀ Jímọ̀ tó ṣú, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ òun di tirẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ló ṣe: kó ya iwájú ìwé, kó ya ẹ̀yìn, torí Sátidé ni wọn yóò dáná sun àwọn bébà náà.

Ṣùgbọ́n òfìfo ni ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé. Láti ọjọ́ Ajé ni Mùjídàt ti ń ya iwájú nìkan.

"Ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ ni wọ́n fi bí ọ ni?" Bàbá Mátíù, tó ti ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, ló ń fi ìyára rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó pín ẹ̀pà rẹ̀ sí méjì, ó bu ìdajì sí i lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Hajarat, aláṣọ ní Ọjà Igbó, wọlé. Àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ń bá a du ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì wá wo ìwé tí bàbá rẹ̀ fi fún un nílẹ̀ náà. Lọ́yà ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ pé, àmọ́ kò sí ìtẹ̀ka.

"Lọ́yà, ojú mi ni bàbá mi ṣe tẹ̀ka. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni tàdáwà ò fi kúrò níka wọn."

Lọ́yà yíjú sí Bàbá Mátíù. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí. "Bóyá èmi ni mo sọ ewé kan nù," ló wí. "Àgbà ti ń dé."

Mùjídàt rántí àwọn ẹ̀yìn ìwé tí kò yà. Bó bá dákẹ́, iná Sátidé yóò bò ó láṣìírí, láptọ́ọ̀pù yóò bọ́ sí i lọ́wọ́, Bàbá ni yóò sì gbé ẹ̀bi náà wọ sàréè. Ó wo ẹ̀pà tó kù látẹ́lẹ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Bàbá ò sọ nǹkan kan nù. Èmi ni mi ò ya ẹ̀yìn."

Wọ́n tú àpò bébà tó wà lẹ́yìnkùlé palẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ìwé náà, tí wọ́n yí i padà, ìka bàbá Ìyá Hajarat nìyẹn, dúdú kirikiri. Bébà wọ́n nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ka sí.

Ìyá Hajarat ṣàdúrà fún Mùjídàt tán, ó tún pòṣé sí i. Lọ́yà kò pariwo. Ó kó láptọ́ọ̀pù sínú dúróọ̀ tábìlì rẹ̀, ó tì í, ó ní kí Mùjídàt padà sórí fáìlì àkọ́kọ́, kí wọ́n má sì tíì dáná sun bébà kankan.

Bàbá Mátíù fa àga sún mọ́ ọn, ó ń na ìwé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ojú kan làdá ní, ọmọ mi," ló wí. "Ìwé kì í ṣe àdá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà wọ́n. Mùjídàt kò gba láptọ́ọ̀pù, àmọ́ ó mọ̀ wàyí pé ẹni tó bá gé iṣẹ́ kúrú, orí ẹlòmíràn ló ń di ẹrù ibi tó gé lé. Tí Bàbá bá sì pín ẹ̀pà, apá tó pọ̀ jù ló ń bọ́ sí Mùjídàt lọ́wọ́.